Ṣé àánú lásán ni iṣẹ́ sóṣíà wọ́kà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ sóṣíà wọ́kà ní yunifásítì. Bàbá rẹ̀ ní ìwé wo ló wà nínú ká máa ṣàánú èèyàn? Ṣé iṣẹ́ gidi ni?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ gidi ni, Màmá. Sóṣíà wọ́kà ni ẹni tó kọ́ bí a ṣe ń bá èèyàn àti ẹbí rẹ̀ wá ojútùú sí ìṣòro wọn. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ yẹn ni mo fẹ́ dúró lé, torí ojoojúmọ́ là ń gbọ́ ọ, ó sì ń dùn wá. Ẹni tó kó ìrẹsì lọ fún ọmọ òrukàn, tó ya fọ́tò rẹ̀, tó gbé e sórí Facebook, ó lè jẹ́ aláàánú, àmọ́ kì í ṣe sóṣíà wọ́kà. Àwa kò gbọdọ̀ tú àṣírí ẹni tí à ń bójú tó.

Ẹ gbọ́ èyí. Rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá kan, dókítà ní kó máa lọ sílé. Ọmọ rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́. Mo ní n óò kọ́kọ́ débẹ̀ ná. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá bàbá wà, àtẹ̀gùn 16, kò sí nǹkan tí wọ́n lè dì mú. Ẹ̀yìnkùlé ni ṣáláńgá wà. Ìyàwó tí yóò máa gbé e sókè sódò, ẹ̀yìn ń dun òun alára. A pe ẹbí jọ, a sọ ọ́ títí ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ fi gbà láti pààrọ̀ yàrá. N ò fún wọn ní kọ́bọ̀. Ohun tí mo wò àti ẹni tí mo bi léèrè, wọ́n kọ́ mi ni.

Láti 1941 ni ìjọba amúnisìn ti yan òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà, tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa yìí, sí Èkó nítorí àwọn ọmọ tó ń sùn níta. Síbẹ̀, oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni Ààrẹ Buhari tó buwọ́ lu òfin tó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ fún iṣẹ́ wa. Ní England, láti 2005 ni òfin ti de ẹni tó bá ń pe ara rẹ̀ ní sóṣíà wọ́kà láìforúkọ sílẹ̀.

Owó oṣù kò pọ̀ níbí, n ò ní purọ́ fún yín. N ò sì lè ṣèlérí pé wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lókè òkun. Àwọn ìgbìmọ̀ ibẹ̀ ló máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi ilé-ẹ̀kọ́ náà bóyá akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń lọ ṣiṣẹ́ ní ọsibítù tàbí kóòtù ọmọdé lábẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ mú un lọ síbòmíràn. Kí Bàbá sì jẹ́ kọ́mọ ó lọ.