Ṣé Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Ni Borstal Adigbẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà n'Ítòkú. Ọmọ àbúrò mi lo ọdún méjì ní Borstal l'Adigbẹ, l'Abẹ́òkúta níbí, ó kọ́ṣẹ́ télọ̀ níbẹ̀, ó ti padà wálé báyìí. Bùbá tó rán fún mi, ọrùn ẹ̀ jókòó dáadáa, àmọ́ àwọn ará àdúgbò ò gbé aṣọ wá, wọ́n ní ẹlẹ́wọ̀n ni. Ṣé òótọ́ ni? Kí tiẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Borstal? — Ìyá Aláàdìrẹ

Ìdáhùn: Mà, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Orúkọ abúlé ni Borstal o, nítòsí Rochester nílùú Òyìnbó. Láyé ìgbà kan níbẹ̀, ọmọ tó jí búrẹ́dì àti ògbólógbòó olè, inú ẹ̀wọ̀n kan náà ni wọ́n ń kó wọn sí, ọmọ á wọlé bí aláfọwọ́rá á jáde bí ọ̀gá olè. Ní 1838 wọ́n ṣí Parkhurst fáwọn ọmọkùnrin nìkan, àmọ́ ẹ̀wọ̀n náà ni, wọ́n de àwọn ọmọ yẹn lẹ́sẹ̀, wọ́n tún ń kó wọn sọ́kọ̀ ojú omi lọ Ọsirélíà, ọmọ ọlọ́mọ! Obìnrin Òyìnbó kan, Mary Carpenter, ló gbéjà wọn, ó ní ohun tó ń tún ọmọ ṣe ni ilé, ẹ̀kọ́ àti ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún wọn ní Kingswood ní 1852.

Ìgbà tó di 1902, Evelyn Ruggles-Brise tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ẹ̀wọ̀n wá ya àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ sófin sọ́tọ̀ ní abúlé Borstal yẹn, kí wọ́n kọ́ṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n sì rí ẹni bá wọn wáṣẹ́ tí wọ́n bá jáde. Ó di òfin ní 1908, ọmọ ọdún 16 sí 21. Àwa náà ní Nàìjíríà ṣe òfin tiwa ní 1960, Kaduna ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kó tó kan Adigbẹ àti Ilọrin. Àwọn Òyìnbó fúnra wọn ti fi òfin 1982 pa tiwọn rẹ́.

Lóòótọ́ àwọn tó ń mójú tó ẹ̀wọ̀n ló ń mójú tó Borstal, àmọ́ torí kí ọmọ má bàa jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí orúkọ ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ń pe ọmọ yẹn fi dùn mí gan-an. Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bùbá yẹn lọ sọ́jà. Mo ní ańkárá yáàdì mẹ́fà nílé, mo fẹ́ ìró àti bùbá, ẹ fi nọ́ńbà ọmọ yẹn ránṣẹ́ sí mi.