Ọmọ mi fẹ́ fi fèrè ṣe iṣẹ́: èsì ìyá kan fún bàbá kan

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 13, ó sì ti ń fọn fèrè fàdákà, irú èyí tí wọ́n ń fọn nínú ọ̀kẹ́sítírà, láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún 8. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ rẹ̀ pè wá, ó ní ẹ̀bùn ọmọ náà ti kọjá ti eré ilé-ìwé, pé kí a máa mú un lọ sí ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, àti pé ó lè fi í ṣe iṣẹ́ jẹun. Ìyá rẹ̀ ní iṣẹ́ ìṣègùn ni ọmọ òun yóò ṣe. Ǹjẹ́ iṣẹ́ wà nínú fèrè? Wákàtí mélòó ni ó yẹ kí ó máa fi dánra wò lójúmọ́? Ṣé kí n máa tì í ni, àbí kí n fi í sílẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Èsì: Bàbá wa, ẹ kú wàhálà ọmọ. Mo ti gba ọ̀nà náà kọjá, ṣùgbọ́n a kò gbà á kọjá láìfarapa, kì í sì í ṣe èmi ni mo farapa, ọmọ mi obìnrin ni. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ kà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀ lórí ohun tí ó ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó rọrùn. Iṣẹ́ wà, àga ni kò pọ̀. Nínú ọ̀kẹ́sítírà ńlá tó ní olórin bí 90, àwọn tó ń ta fáyólìn nìkan lè tó 30, àwọn afọnfèrè kì í sì í sábàá ju 3 tàbí 4 lọ, tí ọ̀kan nínú wọn yóò tún máa fọn píkólò, fèrè kékeré tí ohùn rẹ̀ ń gún etí. Ẹni tó bá sì jókòó sí àga àkọ́kọ́, ìyẹn àga olórí àwọn afọnfèrè, kì í tètè dìde. William Kincaid jókòó sí ti ọ̀kẹ́sítírà Philadelphia ní Amẹ́ríkà láti 1921 títí di 1960. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: odidi ọdún 39 ni àga kan ṣoṣo fi wà lábẹ́ ènìyàn kan ṣoṣo. James Galway ní tirẹ̀ dé àga àkọ́kọ́ nínú ọ̀kẹ́sítírà Berlin Philharmonic ní 1969, ó sì fi í sílẹ̀ ní 1975 láti máa dá fọn káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ẹ má fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n fún ọmọ yín, nítorí pé àwọn tó rí ọ̀nà yẹn gbà kò tó nǹkan. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn afọnfèrè ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n ń ṣe adelé nígbà tí ara ẹnìkan kò bá yá, tàbí kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ nínú àwọn eré orí ìtàgé, níbi tí wọ́n ti sábà máa ń fẹ́ kí ẹni tó mọ fèrè mọ kílárínẹ́ẹ̀tì àti sasofóònù pẹ̀lú. Ìgbésí ayé tó ṣeé gbé ni, àmọ́ kò sí iye owó kan pàtó tí ẹ lè retí ní ìparí oṣù.

Bí àga kan bá ṣófo, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò du ú, wọn yóò sì fọn lẹ́yìn aṣọ ìkélé kí àwọn adájọ́ má baà rí ojú wọn. Láti bí ọdún 1970 síwájú ni àṣà náà ti gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn aṣọ ìkélé, àwọ̀ kì í dún. Ní Ìlú Ọba, ẹni tó bá yege ìdánwò náà ṣì lè bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí wọn yóò máa wò ó, kí wọ́n tó sọ bóyá wọn yóò gbà á tàbí wọn kò ní gbà á. Mo mú ọmọ mi lọ wo Chineke!, ọ̀kẹ́sítírà tí Chi-chi Nwanoku, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní 2015, kí ó lè rí i pé àwọn tó jọ òun náà ń jókòó lórí ìtàgé. Ohun kan tí mo ṣe tí mi ò kábàámọ̀ nìyẹn.

Ní ti ìṣègùn, ẹ bá mi sọ fún ìyá ọmọ náà pé kì í ṣe àwa nìkan la ní àrùn yìí. Bàbá Jean-Pierre Rampal, gbajúgbajà afọnfèrè ọmọ Faransé, jẹ́ olùkọ́ fèrè ní Marseille, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ọmọ rẹ̀, síbẹ̀ àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́ kí ọmọ náà fi ṣe iṣẹ́. Ìṣègùn ni wọ́n ní kí ó lọ kọ́. Ó ti wà ní ọdún kẹta nígbà tí àwọn Jámánì tó gba ilẹ̀ Faransé ní kí ó wá ṣiṣẹ́ àfipáṣe ní 1943. Ó sá lọ sí Paris, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin tó wà níbẹ̀ láti 1795, ó sì gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́ ní 1944, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ péré. Mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ mi títí ó fi sú u. Mo fẹ́ kí ó gbọ́ níbẹ̀ pé ènìyàn lè kọ́ ìṣègùn ná, kí fèrè sì dúró dè é. Ohun tí òun gbọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe kò nílò ju oṣù díẹ̀ lọ, àti pé bí òun bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé òun kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀rọ̀ wákàtí tí ẹ béèrè ló gbé mi dé ibi tí mo ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ọmọ mi ní kí ó máa fi wákàtí 2 dánra wò lójúmọ́, kí ó sì máa sinmi láàárín. Èmi sọ ọ́ di 4. Mo kọ ọ́ sí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, ohun tí ènìyàn kò bá mọ̀, ó ń kà á sí i ni. Mo sì rò pé olùkọ́ náà ń rọra ṣe nítorí pé kì í ṣe ọmọ tirẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé fèrè kì í ṣe ìwé, pé ara ni wọ́n fi ń kà á.

Ọmọ ọdún 17 ni nígbà náà. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ó lọ ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní afọnfèrè nílé ló mọ ìwé ìdánrawò tí Taffanel, afọnfèrè ọmọ Faransé, bẹ̀rẹ̀, tí Gaubert ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ parí lẹ́yìn ikú rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1923. Ẹ̀kọ́ kẹrin inú rẹ̀ ló ń fọn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, èyí tí wọ́n fi ń gun dò-rẹ̀-mí lókè, tí wọ́n fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, láti ìró kan bọ́ sí òmíràn, tí kò sì fi ibì kankan sílẹ̀ fún ìsinmi. Mo wà nísàlẹ̀. Mo gbọ́ tí ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dákẹ́ níbi kan náà. Mo pariwo láti ìsàlẹ̀ pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì," ó sì ń fọn ún lọ. Nígbà tí ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo gun àtẹ̀gùn dé ìdajì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí díẹ̀, mo sì rí i tí ó ń gbọn ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọn omi dànù lára ìka. Mo rí i, Bàbá wa. Mi ò lè sọ pé mi ò rí i. Ohun tí mo sọ ni pé bí ìdánwò bá ti parí, yóò sinmi. Ó tún ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì."

Ó lọ ṣe ìdánwò náà. Wọn kò gbà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, olùkọ́ rẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo mọ̀ pé ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ òsì ọmọ mi ti kú, pé kò mọ nǹkan lára mọ́. Mo ní láti ìgbà wo? Ó ní oṣù 8 ni ọmọ náà sọ. Ohun tí dókítà wá ṣàlàyé fún wa kò ṣòro: ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbé fèrè sí, kì í ṣe iwájú bíi kílárínẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ọrùn àti èjìká ń lọ́ sí apá kan, ìdí ìka ìlábẹ̀ òsì ni fèrè sì ń fara tì, bí wákàtí bá pọ̀ jù, tí ọmọ bá sì ń di fèrè náà mú gírígírí nítorí ìbẹ̀rù, irin yóò máa tẹ iṣan ìmọ̀lára tó gba ẹ̀gbẹ́ ìka náà kọjá. Wọ́n ní kí ó má fọwọ́ kan fèrè fún oṣù 3. A kò tíì mọ̀ di òní bóyá ìka náà ni kò jẹ́ kí wọ́n gbà á, àbí àwọn ọmọ mìíràn kàn fọn jù ú lọ. Mo máa ń gbàdúrà pé kí ó jẹ́ èyí èkejì, ó sì ń tì mí lójú pé mo ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí kò fi sọ fún mi ni mò ń rò láti ìgbà náà. Ní ọmọ ọdún 11, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ orin ti ọjọ́ Sátidé, kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé ni mo yọ kúrò, nítorí pé wákàtí kan náà ni méjèèjì. Mo ní a ó máa sọ ọ́ nílé. Èmi sì mọ ohun tí mò ń sọ nílé: gbé e wá, ṣe kíá, ṣé o ti dánra wò? Èdè àṣẹ ni mo kọ́ ọ, òun náà sì kọ́ èdè ẹ̀bẹ̀ láti fi dá mi lóhùn. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kú, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu rẹ̀ ní èdè tí mo fi ń pariwo mọ́ ọn, àfi "ẹ má bínú". Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n yé fi èdè ṣe àwáwí, pé ọmọ náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà sì gbọ́ ọ, ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má kà mí sí ìkà ènìyàn. Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe, mo sì ń gbé e lọ sí ẹ̀kọ́ náà ní gbogbo Sátidé láìsùn, nítorí mo gbà pé bí ọmọ wa kò bá fi ìlọ́po méjì ju tàwọn yòókù lọ, wọn kò ní wò ó. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀, ibi tí mo fi gbígbà náà sí ni kò dára.

Ní ti pé kí ẹ máa tì í, mo bi ọmọ mi ní ọdún tó kọjá. Ó ní bí kì í bá ṣe pé mo tì í, òun ì bá ti fi fèrè sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 12, òun ì bá sì ti kábàámọ̀ rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Èmi kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù: ní Ìlú Ọba, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀kútóbà, ní ọdún tó ṣáájú ìwọlé, ni ìforúkọsílẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin máa ń parí, ó sì máa ń ṣáájú ti yunifásítì lásán ní oṣù díẹ̀, nítorí náà ẹ má dúró de ọdún tuntun. Curtis, ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin tó wà ní Philadelphia, kì í gba owó ẹ̀kọ́ láti 1928, ṣùgbọ́n afọnfèrè tí wọ́n ń gbà kéré gan-an. Ti Jámánì náà wà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, mo lè kọ ọ́ fún yín nígbà mìíràn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní fèrè wúrà. Ìka ọmọ kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn lórí rẹ̀, nítorí pé ètò ibi ìtẹ̀ka tí Boehm, ọmọ Jámánì tó ń ṣe fèrè, gbé kalẹ̀ ní 1847 náà ló wà lára ti wúrà àti ti fàdákà. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ọjọ́ Sátidé, ẹ jókòó ti ọmọ náà nígbà tó bá ń fọn ún, kí ẹ wo ìdí ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ òsì bóyá ojú irin hàn níbẹ̀, kí ẹ sì bi olùkọ́ rẹ̀ bóyá ohun ìrọ̀rí kan wà tí wọ́n lè fi sí ibẹ̀. Kíláàsì Yorùbá rẹ̀, bí ó bá ní, ẹ wá ọjọ́ mìíràn fún un.

Ọmọ mi ti pé ọdún 24 báyìí. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní fèrè lọ́jọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Nígbà tí a bá ń rí ara wa lórí fóònù, mo máa ń rí i tí ó ń fi àtàǹpàkò ra ìdí ìka náà bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti di ìwà lásán ni, àbí ìka náà ṣì ń kú. Mi ò tíì bi í.