Ẹ Bi Màmá Tísà: Kí Ló Kàn Wá Nínú Ọ̀ràn Ítálì?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí. Ti àkọ́kọ́ gùn, ó sì ká mi lára. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wà lórí tábìlì mi kí n tó mú báírò. Ẹ ó rí i pé mo pẹ́ nídìí rẹ̀ ju àwọn méjì yòókù lọ.

Màmá Tísà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà Ọba níbí ni mo ti ń ta èlùbọ́. Ọmọ mi ọkùnrin gba Agadez, ní ilẹ̀ Niger, kọjá sí Líbíyà ní 2016. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi jẹ ìyà ní Sabratha kí ó tó rí ọkọ̀ ojú omi wọ̀. Palermo ní Ítálì ló wà báyìí, ó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan. Lóṣù tó kọjá, ó fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Obìnrin oníṣẹ́ ọnà kan, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Etiópíà, ló ní kí ó jókòó síwájú máàpù Áfíríkà àtijọ́ kan, kí ó máa sọ bí ìrìn-àjò rẹ̀ ṣe lọ. Bùbá àdìrẹ tí mo fi ránṣẹ́ sí i ló wọ̀. Wọ́n gbé fídíò náà sí gbọ̀ngàn kan, àwọn òyìnbó ń sanwó wọlé wò ó. Nígbà tí àna mi rí i, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ yín ti di ère." Ojú tì mí. Wọ́n ní iṣẹ́ náà dá lórí bí Ítálì ṣe fi agbára jọba ní Áfíríkà. Màmá, Gẹ̀ẹ́sì ló jọba lé wa lórí. Kí ló kan ọmọ mi níbẹ̀? Ṣé kí n ní kí ó yọwọ́?
*Ìyá Elélùbọ́, Àkúrẹ́*

Ìyá Elélùbọ́, ẹ kú ọrọ̀ ajé, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún yín.

Ní ọdún 2000, ọdún Júbílì, èmi náà bá àwọn ìjọ wa lọ sí Róòmù. A dé ibì kan nítòsí ilé iṣẹ́ FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, òpó òkúta kan dúró síbẹ̀, ó ga tó mítà 24. Mo dúró níwájú rẹ̀ nínú aṣọ ẹgbẹ́ wa, mo rẹ́rìn-ín, wọ́n ya mí ní fọ́tò. Mo rò pé àwọn ará Róòmù ìgbàanì ló gbẹ́ ẹ. Ẹni tó ń mú wa kiri kò wí nǹkan kan. Ọdún bíi mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé Axum ni wọ́n ti gbé e wá, ní Etiópíà, ní 1937, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Mussolini, olórí Ítálì nígbà náà, wà lórí ilẹ̀ náà. Èmi tí mo fi ọdún 31 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní iṣẹ́ ọnà ní Àkúrẹ́, tí mo ń sọ fún wọn nípa ère amọ̀ Ọ̀wọ̀, tí inú mi máa ń ru bí mo bá dé orí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kó ní Bìní ní 1897, èmi náà ni mo dúró tì nǹkan oní-nǹkan, tí mo ń yọ eyín síta! Fọ́tò náà wà nínú álíbọ́ọ̀mù mi dòní. Wọ́n dá òpó náà padà ní 2005, gígé ni wọ́n gé e sí mẹ́ta kí ọkọ̀ òfuurufú tó lè gbé e, ó sì di 2008 kí ó tó dìde dúró ní Axum. Theo Eshetu, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Etiópíà tó gbé Róòmù fún ìgbà pípẹ́, fi ìpadàbọ̀ yẹn ṣe iṣẹ́ fídíò kan tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n 15 lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, bí ẹ ṣe ń béèrè pé kí ló kàn wá, mi ò lè bá yín wí. Èmi tí mo kàwé, ojú mi wà níbẹ̀, mi ò rí i.

Ẹ bi ọmọ yín nípa ọ̀nà ọlọ́dà tó gba etí òkun kọjá ní Sabratha. Ọ̀nà yẹn lọ láti bodè Tùnísíà dé bodè Íjíbítì, ó lé ní 1,800 kìlómítà. Àwọn Ítálì ló là á. Mussolini fúnra rẹ̀ ló wá ṣí i ní 1937. Ọdún 1911 ni wọ́n ti gbógun wọ Líbíyà. Nígbà tí àwọn ará ìlà-oòrùn ibẹ̀ kọ̀ tí wọn kò gbà, wọ́n kó nǹkan bí 100,000 ènìyàn, tọkùnrin tobìnrin, tèwe tàgbà, sínú àgọ́ tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà púpọ̀ ni ebi àti àìsàn pa níbẹ̀, ẹran ọ̀sìn wọn náà kú tán. Omar al-Mukhtar tó ṣáájú ìjà náà, tísà ilé kéwú ni. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà tí wọ́n yẹgi fún un lójú àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án, 1931. Tísà bíi tèmi.

Ìgbà tí ilẹ̀ wá ṣófo, wọ́n kó àwọn àgbẹ̀ tiwọn wá síbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1938, ọ̀wọ́ ọkọ̀ ojú omi kó nǹkan bí 20,000 ènìyàn láti Ítálì lọ sí Líbíyà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdílé-ìdílé, ilé àti oko sì ń dúró dè wọ́n. Òkun tí ọmọ yín là kọjá náà ni, ìyá. Àwọn tiwọn ń lọ, ọmọ yín ń bọ̀. Àsíá ni wọ́n fi sin tiwọn sọ́nà. Tiyín, ẹ̀yin náà mọ irú ọkọ̀ tó wọ̀.

Ibi tó wá kàn án gan-an nìyí. Ní 2008, Berlusconi, olórí ìjọba Ítálì, àti Gaddafi, olórí Líbíyà, tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní Benghazi. Ítálì ní òun yóò san dọ́là bílíọ̀nù 5 nítorí ohun tí òun ṣe ní Líbíyà láyé àtijọ́. Nínú ìwé kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn méjèèjì yóò fọwọ́ sowọ́ pọ̀ dènà àwọn tó ń gba Líbíyà kọjá. Nígbà tí Gaddafi wá sí Róòmù ní 2009, fọ́tò Omar al-Mukhtar, lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, ló lẹ̀ mọ́ àyà aṣọ rẹ̀. Alessandra Ferrini, ọmọ Ítálì, ti fi àbẹ̀wò yẹn àti ìwé àdéhùn yẹn ṣe iṣẹ́ ọnà. Wọ́n ṣàfihàn rẹ̀ ní Venice ní 2024. Ìwé tí wọ́n fi bẹ bàbá àgbà ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ yín. Obìnrin tó gbé máàpù sẹ́yìn rẹ̀ yẹn mọ ohun tó ń ṣe.

Ó ku ọ̀rọ̀ ère tí àna yín sọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 2015, ọkọ̀ apẹja kan rì láàárín Líbíyà àti Sicily. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló bá a lọ, 28 péré ló yè. Ìjọba Ítálì fa ọkọ̀ náà jáde ní 2016. Ní 2019, Christoph Büchel, ọmọ Siwisilandi, gbé òfìfo ọkọ̀ yẹn lọ sí àfihàn ńlá Venice. Kò sí àkọlé kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí kò jìnnà síbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń ya sẹ́lífì. Àwọn kan yin iṣẹ́ náà, wọ́n ní ó mú òyìnbó ronú. Lójú tèmi, wọ́n gbé pósí lọ síbi àríyá ni. Ta ló béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá òkú?

Ọmọ tiyín ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó wọ bùbá tí ìyá rẹ̀ rà. Ère kì í yan aṣọ.

Síbẹ̀ mi ò ní kí ẹ dákẹ́. Ẹ pè é. Ẹ bi í bóyá orúkọ tirẹ̀ wà lára ògiri, àbí ti obìnrin náà nìkan. Ẹ bi í bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sanwó fún un, àbí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé e síta, àti pé bí ó bá ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lọ́la, ṣé wọn yóò gbà. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ: ṣé ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti jáde? Bí ẹjọ́ rẹ̀ bá ṣì wà níwájú ìjọba, ohun tó sọ nínú fídíò kò gbọ́dọ̀ ta ko ohun tó sọ fún wọn níbẹ̀. Kí ó mú fídíò náà tọ lọ́yà rẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ ìdáhùn wọ̀nyí ná, kí ẹ tó pàṣẹ pé kí ó yọwọ́.

Àna yín ńkọ́? Iye tí ẹ ń ta èlùbọ́ fún àlejò ni kí ẹ máa tà á fún un.

Ẹ káàárọ̀, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ilé yíyà ni mí ní FUTA. Mo fẹ́ fi ìlú Asmara, ní Ẹritríà, ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, nítorí àwọn ilé tí Ítálì kọ́ síbẹ̀ wù mí. Ẹlẹgbẹ́ mi ní mò ń yin amúnisìn. Ṣé òótọ́ ló sọ?

Ilé tó rẹwà, ó rẹwà, ọmọ mi. Ilé epo Fiat Tagliero, tí Giuseppe Pettazzi yà ní 1938 bí ọkọ̀ òfuurufú, apá rẹ̀ méjèèjì nà síta ní mítà 15-15, kò sí òpó kan tó gbé e ró. Bí o kò bá kan sáárá síi, o ò kí ń ṣe ayàwòrán-ilé. UNESCO náà fi Asmara sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2017. Ṣùgbọ́n tí o bá yàwòrán ìlú náà, ya ààlà rẹ̀ mọ́ ọn. Àdúgbò wà níbẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ funfun, tí ọmọ Ẹritríà tó da kọnkéré ilé náà kò gbọ́dọ̀ gbé. Ní 1937 ni wọ́n ṣòfin pé ọkùnrin Ítálì kò gbọ́dọ̀ bá obìnrin adúláwọ̀ gbé bí tọkọtaya. Wá iṣẹ́ Dawit L. Petros, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Ẹritríà tó ń gbé òkè òkun, wò kó o tó bẹ̀rẹ̀. Kó o sì tún rìn dé ààfin Déjì àtijọ́, ó dá mi lójú pé o ò tíì wọ ibẹ̀ rí.

Màmá Tísà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ta kéèsì málítà kan ní Oǹdó. Ó ní Ítálì kò ṣẹ́gun Etiópíà rí. Mo ní wọ́n ṣẹ́gun wọn. Ta ló jẹ?

Ẹ pín in sí méjì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 1896, Menelik, ọba Etiópíà, àti ìyàwó rẹ̀ Taytu lu àwọn Ítálì bí ẹní lu bàrà ní Adwa. Ní 1935 wọ́n padà wá, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú da gáàsì olóró sílẹ̀, wọ́n sì wọ Addis Ababa ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 1936. Ọdún márùn-ún gééré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 1941, Haile Selassie, ọba Etiópíà, padà wọ ìlú rẹ̀.

Ẹ fi ìgò kan sílẹ̀ nínú málítà yẹn o. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wà lára àwọn tó lé Ítálì lọ. Àwọn ló wọ Mogadishu, ní Sòmálíà, ní oṣù Kejì 1941, tí wọ́n sì gba ibẹ̀ lọ títí dé Harar ní Etiópíà. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Arákálẹ̀, bàbá arúgbó kan wà tí a ń pè ní Bàbá Ṣọ́jà. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́yẹ́, ó ní ibùdó Ítálì lòun ti mú un. Ó máa ń kọ́ àwa ọmọdé ní uno, due, tre, a ó sì máa ka òkúta ayò pẹ̀lú rẹ̀. A rò pé èdè Haúsá ni.