Ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n nítorí ọmọdé, ṣé ó lè padà máa kọ́ ọmọ ní kéú?

ÌBÉÈRÈ: As-salāmu alaykum, Ààfáà wa. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa ṣẹ̀wọ̀n nítorí pé ó bá ọmọdé lò pọ̀. Ó ti dé, ó ń kírun pẹ̀lú wa, ó ní òun ti túúbá, òun sì fẹ́ padà sí ilé-kéú tí òun ti ń kọ́ ọmọ tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní kí a bo àṣírí rẹ̀, pé hadiisi, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń yọjú wo fèrèsé rẹ̀ lóru, wọ́n ní àwọn máa lù ú jáde láàárín ìlú. Ta ni ká tẹ̀ lé?

ÌDÁHÙN: Wa alaykum salām. Kò gbọdọ̀ padà sí ilé-kéú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn.

Hadiisi tí àwọn àgbà dì mú, pé ẹni tó bá bo àṣírí Mùsùlùmí, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n Imam Nawawi, onímọ̀ ńlá tó ṣàlàyé hadiisi, ti là á yé wa pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, tí a kò mọ̀ mọ́ ìbàjẹ́, ni à ń bò. Ẹni tí ìbàjẹ́ rẹ̀ ń ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá, ọ̀dọ̀ aláṣẹ là ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Àṣírí wo lẹ tún fẹ́ bò nígbà tí kọ́ọ̀tù ti dá a lẹ́bi? Nígbà tí Fatima ọmọ Qays wá bi Ànábì (ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a) nípa ọkùnrin méjì tó fẹ́ fẹ́ ẹ, Ànábì sọ àléébù àwọn méjèèjì fún un láìfi bò. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àgbàlagbà mà nìyẹn o! Kí wá ni ká ṣe lórí ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò lè gbẹnu sọ fún ara rẹ̀?

Ẹ̀yin kan á ní, "Ààfáà, ó ti túúbá." A gbà. Ọlọ́hun ló mọ ọkàn rẹ̀. Nígbà tí Khalid, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, bú obìnrin ẹ̀yà Ghāmid tó ṣe sìná tó sì ronú pìwà dà, Ànábì kọ̀ fún un. Nítorí náà, mi ò fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni máa pè é ní ajá. Àmọ́ ẹ rántí ọkùnrin inú hadiisi tó pa ọgọ́rùn-ún ènìyàn: onímọ̀ tó bi léèrè sọ fún un pé ìlẹ̀kùn túúbá ṣí sílẹ̀, ó sì ní kó kúrò ní ìlú tó ti ń ṣe ibi, kó má padà síbẹ̀. Ẹni tó túúbá lóòótọ́, òun gan-an ni yóò máa sá fún ilé-kéú. Pé ó ń bẹ̀bẹ̀ láti padà síbẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Àwa tí à ń tẹ̀ lé ọ̀nà òfin ẹ̀sìn Imam Malik, dídí ọ̀nà ìbàjẹ́ kí ìbàjẹ́ tó dé jẹ́ ìpìlẹ̀ pàtàkì lọ́dọ̀ wa. Kì í ṣe ìyà kejì là ń fi jẹ ẹ́. Ó ti ṣẹ̀wọ̀n tirẹ̀ tán. Kó wà ní sáàfù (ìlà ìrun) pẹ̀lú wa, kó ṣòwò. Bó bá fẹ́ fẹ́yàwó, kí ìdílé obìnrin náà gbọ́ òótọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ta ló rán yín lójú fèrèsé? Súrà 49, aaya 12, kọ ìtọpinpin. Ànábì sì sọ pé bí ẹnì kan bá yọjú wo ilé onílé láìgbàṣẹ, tí wọ́n fọ́ ojú rẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn onílé. Bí ẹ bá rí i tó ń fa ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀. Ẹ má lù ú. Láti 2019 ni NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ti ṣí ìwé orúkọ àwọn tí kọ́ọ̀tù dá lẹ́bi irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Kí ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí máa yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gba olùkọ́.

Mo gbọ́ pé ààfáà kan ti ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, pé òun ń fún un ní hàǹtú (omi tí a fi fọ aaya tí a kọ sí wàláà) tí yóò pa ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ náà. Bídíà (àdádáálẹ̀ nínú ẹ̀sìn) ni, jìbìtì sì ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá tọrọ àyè sìná lọ́dọ̀ Ànábì, Ànábì bá a sọ̀rọ̀, ó gbé ọwọ́ lé e, ó ṣàdúà fún un, kò gba kọ́bọ̀. Ànábì ló tún ní ká wá ìwòsàn. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ, kí ẹnì kan sì máa tẹ̀ lé e lọ kó má baà já ìtọ́jú náà sílẹ̀.

Kí lèmọ́mù àti àgbà méjì lọ bá a nílé lẹ́yìn ìrun Alásárì, kí wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ gbogbo èyí fún un. Ilé-kéú náà, kí olùkọ́ kankan má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ níbi tí a ti ti ìlẹ̀kùn, ìbáà ṣe èmi. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.