Orúnkún ọmọ mi kàn ń yẹ̀, ṣé ó lè lọ trial?

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, ń gbá bọ́ọ̀lù ní Campos lọ́jọ́ kan, bó ṣe ní kóun yí padà báyìí ló gbọ́ "pọ̀ọ́" nínú orúnkún, kílẹ̀ tó ṣú ó ti wú. A ya X-ray, wọ́n ní kò séegun tó kán. Ó ti pọ́sẹ̀ mẹ́rin, ó ń rìn, àmọ́ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì orúnkún yẹn á kàn yẹ̀. Kóòṣì ẹ̀ fẹ́ mú un lọ trial lóṣù tó ń bọ̀, àbúrò mi ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun ní Mushin. Kí ni ká ṣe?
Ìyá Agbábọ́ọ̀lù, Ìdúmọ̀tà

Ẹ kú ìrọ́jú mà. Ẹ jọ̀ọ́, kó má lọ trial yẹn, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fa orúnkún ẹ̀ o. Ìró tó gbọ́, wíwú tó wú lọ́jọ́ yẹn gan-an, àti bó ṣe ń yẹ̀ yìí, ó jọ pé okùn iṣan tó di eegun itan mọ́ eegun ojúgun nínú orúnkún ló já, òun làwọn agbábọ́ọ̀lù ń pè ní ACL. X-ray ò lè fi í hàn, MRI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ẹran àti iṣan inú ara, ló ń fi í hàn, àmọ́ dókítà tó mọṣẹ́ á ti fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó náwó MRI, torí owó ẹ̀ ò kéré.

Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù eegun tó wà ní Ìgbóbì. Tìtorí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀, kó tó wá di ọsibítù lọ́dún 1945, iṣẹ́ ká mú ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ padà sórí pápá, wọ́n sábà máa ń ṣe é fún un. Ibi tọ́pọ̀ ọmọ ti ń ṣìṣe ni pé tójú abẹ bá ti jinná, tí ò dùn wọ́n mọ́, wọ́n á ní ó parí. Kò tíì parí o! Ó kéré tán oṣù 9 ni kó fi ṣe eré ìdárayá lọ́dọ̀ àwọn físíò kó tó gbá match, kí ẹsẹ̀ yẹn sì lágbára tó ìdá 90 nínú 100 ti èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè tún já, tàbí kó ba rọ́bà inú orúnkún jẹ́, ìyẹn ló ń mú kí orúnkún máa ro ọmọ ọgbọ̀n ọdún bíi ti arúgbó.

Kẹ́ ẹ tó dé Ìgbóbì, kó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kó na ẹsẹ̀ náà, kó fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀ kí iṣan itan le, kó ka ení dé àrún kó tó dẹ̀ ẹ́, nígbà mẹ́wàá, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó di irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mú, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ni kó kọ́kọ́ gbé sílẹ̀.