Sigma 18-35 f/1.8 lórí GH5: ojú ibi tí lẹ́ńsì ti pàdé kámẹ́rà ni kóo wò kóo tó náwó

Àbúrò, o ní kámẹ́rà Panasonic GH5 lo ń lò, òde ìgbéyàwó àti òkú àgbà lo máa ń bá wọn ya, o wá ń bèèrè pé ṣé kóo ra lẹ́ńsì Sigma 18-35 f/1.8 tí ẹnu ẹ̀ jẹ́ ti Canon kóo fi adapter, òrùka tó ń so lẹ́ńsì mọ́ kámẹ́rà tí ẹnu wọn ò bára mu, so ó mọ́ ọn, àbí kóo kúkú ra Panasonic 12-35 f/2.8 tó jẹ́ ti kámẹ́rà yẹn gan-an. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń fi Sigma yẹn jẹun, lórí GH5 àti lórí kámẹ́rà Blackmagic Pocket 4K, nínú gbọ̀ngàn n'Ìbàdàn àti l'Ábẹ́òkúta, torí ẹ̀ ohun tí mo fojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Rà á. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé owó lẹ́ńsì nìkan ló wà lọ́wọ́ ẹ, tí owó adapter gidi àti ti irin tó máa gbé e dúró ò sí níbẹ̀, má tíì rà á o, 12-35 máa sìn ẹ́ dáadáa títí owó á fi pé.

Lẹ́ńsì yẹn, 2013 ni Sigma gbé e jáde, òun sì ni zoom àkọ́kọ́ fún kámẹ́rà APS-C (àwọn tí sẹ́nsọ̀ wọn kéré sí ti full frame) tó dúró lórí f/1.8 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin; bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó. Sẹ́nsọ̀ GH5, ibi tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Micro Four Thirds (MFT), kéré sí APS-C, torí náà tóo bá fi adapter lásán so ó, èyí tí ò ní gíláàsì kankan nínú, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lẹ́yìn lẹ́ńsì á fẹ̀ ju sẹ́nsọ̀ lọ, èyí tó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ á ṣòfò, 18 yẹn á sì máa rí bí 36 lójú kámẹ́rà full frame, o ò ní ráyè rárá tóo bá wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń múra fún ìyàwó. Speed booster ni irú adapter kejì, òun ní gíláàsì nínú tiẹ̀. Ńṣe ló máa ń kó àwòrán yẹn jọ kó lè kéré débi tó fi máa wọ sẹ́nsọ̀, ìmọ́lẹ̀ kan náà lórí ojú ibi tó kéré, ìdí nìyẹn tó fi ń mọ́lẹ̀ sí i. Èyí tó ń kó àwòrán jọ dé ìwọ̀n 0.71 á sọ 18-35 di bíi 12.8 sí 25, f/1.8 á di f/1.3, stop kan gbáko lo jèrè yẹn, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní XL, ti 0.64, á gbé e lọ sí 11.5 sí 22, f/1.2. Fi wé 12-35 f/2.8 tóo ń rò, ó lé ní stop méjì, ìyẹn ni pé ibi tí 12-35 á ti ní kóo gun ISO (agbára tí kámẹ́rà fi ń mú àwòrán mọ́lẹ̀ sí i) dé 6400 lọ, 1600 lo máa wà pẹ̀lú Sigma, ó dẹ̀ tún máa ṣẹ́kù díẹ̀. Ẹni tó bá ti lo GH5 nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n pa iná sí fún first dance mọ ohun tí 6400 máa ń ṣe sí aṣọ dúdú, á kún fún hóró-hóró.

Nǹkan kan tí mi ò fẹ́ kóo gbàgbé níbí: speed booster 0.58 kan wà tí wọ́n ṣe fún Pocket àtijọ́, ti 2013 yẹn, sẹ́nsọ̀ tiẹ̀ kéré gan-an. Gíláàsì ẹ̀ yọ wọ inú kámẹ́rà jìnnà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún ẹ pé “MFT ni, á wọ̀ ọ́”. Tó bá wọ GH5, á lọ kan shutter.

Ó yá, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Lẹ́ńsì yẹn tó 810 gírámù. GH5 fúnra ẹ̀ pẹ̀lú bátìrì àti káàdì, 725 ni. Lẹ́ńsì wúwo ju kámẹ́rà lọ, adapter tún wà láàárín, gbogbo ẹ̀ wá ń rọ̀ sórí òrùka irin kan ṣoṣo tó wà lójú kámẹ́rà. Oríkèé méjì ló wà níbẹ̀, ti kámẹ́rà àti adapter, ti adapter àti lẹ́ńsì, tí ọ̀kan nínú méjèèjì ò bá di dáadáa wàá rí i nínú fídíò. Mo ti lo adapter kan tí owó ẹ̀ ò wọ́n, mi ò dárúkọ ẹ̀, ìyá ìyàwó ń jó wọlé, wọ́n ń ná an lówó, mo fẹ́ gbé fókọ́ọ̀sì kúrò lójú ẹ̀ wá sórí ọwọ́ tó ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, bí mo ṣe yí òrùka fókọ́ọ̀sì báyìí, gbogbo àwòrán kọ́kọ́ fò sápá òsì ná kí fókọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo yí i padà, ó tún fò sápá ọ̀tún. Lẹ́ńsì ń mì nínú adapter ni. Kò sí software tó lè tún ìyẹn ṣe. Ní ìparí òde yẹn, nọ́ńbà f pòórá lójú kámẹ́rà, torí pé àwọn irin kéékèèké tó ń gbé iná lọ sínú lẹ́ńsì ò kan ara wọn mọ́, aperture ti Sigma yìí, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ò sì ní òrùka tí wàá fọwọ́ yí, iná ló ń ṣí i tó ń tì í, ibi tí iná bá já a sí náà ló máa dúró sí.

Torí ẹ̀ tóo bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ ta adapter fún ẹ, má wo páálí. So gbogbo ẹ̀ pọ̀, di kámẹ́rà mú lọ́wọ́ kan, fi ọwọ́ kejì yí lẹ́ńsì díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, tẹ magnify (èyí tó ń sọ àwòrán di ńlá) lójú kámẹ́rà kóo máa wò ó. Tí àwòrán bá sún kí òrùka tó yí, gbé e padà fún un. Adapter ti Metabones, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe speed booster, máa ń ní ẹsẹ̀ kékeré kan nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ni kóo dè mọ́ tripod, kì í ṣe ìsàlẹ̀ kámẹ́rà. Ìwọ̀n náà á wá wà láàárín, kámẹ́rà á kàn rọ̀ sẹ́yìn, lẹ́ńsì á rọ̀ síwájú. Lẹ́yìn ìyẹn ra ọ̀pá 15mm méjì pẹ̀lú irin tó ń gbé lẹ́ńsì nísàlẹ̀, kóo jẹ́ kó kan ibi tí kì í yí lára lẹ́ńsì. Ohun tó dáa lára 18-35 ni pé kì í gùn síwájú tóo bá zoom, irin yẹn á dúró síbi tóo gbé e sí, tóo bá dẹ̀ gbé e sórí gimbal (irin tó ń mú kámẹ́rà dúró jẹ́ẹ́ lọ́wọ́) kò ní máa da balance rú mọ́ ẹ lọ́wọ́. Èmi gbà pé irin yìí ṣe pàtàkì ju XL lọ. Ẹni tó bá ní 0.71 tó di dáadáa á ya fídíò tó dáa ju ẹni tó ní XL tó ń mì.

Fókọ́ọ̀sì ibi tó jìnnà tún wà ńbẹ̀. Láti ojú irin Canon dé sẹ́nsọ̀, 44 mílímítà ni, ti MFT jẹ́ 19.25, adapter lásán ló gbọ́dọ̀ dí 24.75 tó wà láàárín, speed booster kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ torí gíláàsì inú ẹ̀, àmọ́ òun náà ní ìwọ̀n tiẹ̀ tó gbọ́dọ̀ pé. Tó bá fi díẹ̀ bíńtín yàtọ̀, 18 ló ti máa kọ́kọ́ hàn. Ní 35 gbogbo nǹkan á mú, bóo bá ṣí i wá sí 18 ojú á ṣú, wàá wá rò pé lẹ́ńsì ló bàjẹ́. Gbé e jáde lọ́sàn-án, ṣí aperture pátápátá, lọ sí 18, kóo dojú kọ nǹkan tó jìnnà gan-an, èmi máa ń gun orí òkè Mápó lọ dojú kọ Cocoa House, àwọn fèrèsé ẹ̀ dára fún un torí wọ́n kéré wọ́n sì pọ̀. Tóo bá yí fókọ́ọ̀sì dé òpin tí àwọn fèrèsé yẹn ò mú, gíláàsì inú adapter ló fẹ́ kóo yí. Lára èyí tó dáa, ṣúkúrúù bíńtín kan wà tó dì í mú, tú u díẹ̀, yí gíláàsì yẹn ní ìwọ̀n tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, wò ó, kóo tún yí i títí á fi mú, kóo wá dì í padà. Fara balẹ̀ ṣe é nílé, má ṣe é láàárọ̀ òde.

Lórí autofocus, gbàgbé ẹ̀. GH5 pẹ̀lú adapter á máa wá fókọ́ọ̀sì kiri lọ bọ̀, mọ́tò inú lẹ́ńsì á tún máa wọ inú máìkì. Fọwọ́ yí i, tan peaking, èyí tó ń fi àwọ̀ hàn ẹ́ ibi tó mú. Kóo sì mọ̀ pé f/1.3 tinrín o, ní 35, tí èèyàn bá wà ní mítà kan sí ẹ, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà péré ló máa mú, tí ojú bá mú etí ti ṣú, gèlè ti lọ nìyẹn. Ẹni tó ń jó ò ní dúró dè ẹ́. Nínú gbọ̀ngàn tí iná bá wà díẹ̀, f/2 sí f/2.8 ni mo máa ń wà, f/1.3 fún ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà míì, tí jẹnẹrétọ̀ bá kú tó wá ku iná fóònù àwọn èèyàn. Shutter 1/50 pẹ̀lú 25 fps (àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), torí iná wa jẹ́ 50Hz, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná gbọ̀ngàn á máa ṣẹ́jú. Lọ́sàn-án níta, 1/50 yẹn á fẹ́ ND, gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, 72mm ni ojú lẹ́ńsì, ra èyí tó dáa torí àwọn tí ò dáa máa ń sọ léèsì funfun di pupa rúsúrúsú.

Lẹ́ńsì yẹn ò ní stabilizer, ohun tó ń dín mímì ọwọ́ kù. Ti inú GH5 á ràn ẹ́ lọ́wọ́ tí adapter bá ń sọ fún kámẹ́rà pé 18 tàbí 35 lo wà, Pocket 4K ò ní nǹkan bẹ́ẹ̀ rárá, gbé e ka orí tripod. Kò sì ní rọ́bà tó ń dá eruku àti omi dúró. Nígbà ọyẹ́, má máa yọ lẹ́ńsì kúrò lára adapter, jẹ́ kí àwọn méjèèjì so pọ̀ títí, kóo máa yọ wọ́n bíi lẹ́ńsì kan, kóo máa bo ẹ̀yìn adapter. Eruku tó bá bà lé gíláàsì ẹ̀yìn yẹn sún mọ́ sẹ́nsọ̀, tóo bá ti aperture dé f/11 báyìí wàá rí àmì dúdú ẹ̀ lójú ọ̀run.

Wọ́n lè gbé ti Nikon wá fún ẹ pé owó ẹ̀ dínkù. Gíláàsì kan náà ni o, mi ò sọ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n adapter tiẹ̀ lórí MFT, òrùka kan tí ò ní nọ́ńbà lo máa fi ṣí aperture, kámẹ́rà ò ní mọ f tóo wà, kò dẹ̀ ní mọ̀ bóyá 18 ni tàbí 35, ìwọ lo máa tẹ̀ ẹ́ sínú menu fún stabilizer, gbogbo ìgbà tóo bá zoom ló sì máa yẹ kóo tún un tẹ̀. Fún òde tí nǹkan ti ń yí kíákíá, ti Canon ni kóo mú.