Wọ́n fi mí ṣe alága, ohùn mi kò sì dún

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa oníṣòwò ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn mí ní alága. Ojú máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láàrin èrò, púpọ̀ nínú àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ ló sì lè bí mi lọ́mọ. Ẹnìkan ní òun ní ọṣẹ tí yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi rinlẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n wá gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. Èwo ni kí n mú?

ÌDÁHÙN: Má mú ìkankan. Fi owó ọṣẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ tó nípọn. Mi ò ní gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni jìbìtì o. Èyí tó bá máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé owó wúlò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan kì í sọni di aṣáájú.

Ohun tó ń bí mi nínú ni èrò tó wà nídìí ìbéèrè yìí, pé ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ń dún bí agogo ni wọ́n bí ipò mọ́. Irọ́ gbáà ni! Ṣebí ọmọ Èkìtì ni ọ́? Nínú ogun Kírìjì, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ bá Ìbàdàn jà, tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn rẹ̀ ní 1886, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí ló kọ́kọ́ léwájú, akíkanjú ni, kò sẹ́ni tó jiyàn. Síbẹ̀, nígbà tó yá, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ni wọ́n fa ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ lé lọ́wọ́. Níbo ló ti kọ́ iṣẹ́ náà? Lọ́dọ̀ àwọn ológun Ìbàdàn tó padà bá jà ni. Ó ti jẹ́ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn kó tó máa rán èèyàn níṣẹ́.

Ìwọ náà, kúnlẹ̀ kí àwọn ìyá kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ìkúnlẹ̀ kò gba ipò lọ́wọ́ rẹ. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, òfin ẹgbẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Tí o bá gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, má kọ́kọ́ sọ èrò tìrẹ, torí bí alága bá ti là á, gbogbo ilé á ní "bẹ́ẹ̀ ni", wọ́n á wá lọ sọ òótọ́ nídìí igbá ata. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ rárá ni kó o bi. Kí akọ̀wé ka ìpinnu sókè kẹ́ ẹ tó túká: ta ló máa ṣe é, ọjọ́ wo?

Ìyá tó bá jẹ gbèsè, má dárúkọ rẹ̀ láwùjọ. Tìwọ ti akápò ni kẹ́ ẹ lọ bá a nílé, kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kẹ́ ẹ tó pe onídùúró rẹ̀. Mi ò rí ìwé òfin ẹgbẹ́ yín o, nítorí náà kà á dáadáa, kó o sì bi òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níjọba ìbílẹ̀ yín. Tí owó bá sọnù, má fi ìdáhùn tèmi yìí gbéjà ko ẹnikẹ́ni.

Ìtìjú? Kì í pani. Kọ kókó ọ̀rọ̀ rẹ sílẹ̀, kó o kà á. Tó bá di oṣù mélòó kan sí i, ní kí igbákejì rẹ darí ìpàdé kan, kó o jókòó sẹ́yìn, kó o máa wò ó. Má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ o.